Àgbébọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí àkùkọ, kò sì sí àkùkọ láàárín wọn

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé:

Ẹ kú iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí. Adìẹ mẹ́fà ló wà lẹ́yìnkùlé mi, abo ni gbogbo wọn, n kò sin àkùkọ rí. Ọ̀kan nínú wọn, dúdú kan báyìí tí mo ń pè ní Ọ̀gá, ló ń dà mí lọ́kàn rú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú adìẹ tí Ọ̀gá jẹ́. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jẹun, ọ̀pá tó ga jù lọ nínú ilé wọn ló sì máa ń bà lé lálẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ti wà níbẹ̀ kó tó dé, á kàn dúró tì í, á na ọrùn, á tẹjú mọ́ ọn. Kò ní ṣá a, kò ní lé e. Onítọ̀hún á rọra sún fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ̀ náà, ó máa ń yé dáadáa. Ẹyin tirẹ̀ nìkan ló pupa rúsúrúsú, ti àwọn yòókù funfun, nítorí náà kò sí bó ṣe máa yé tí n kò ní mọ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn re ìyẹ́ tán, àwọn yòókù padà sẹ́nu yíyé, Ọ̀gá ò padà. Mo ní bóyá ó ṣì ń sinmi ni. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ogbe orí rẹ̀ ń tóbi sí i, ó sì pupa fòò. Lẹ́yìn ìyẹn ló dá àṣà mìíràn. Bó bá tan ilẹ̀ tó rí kòkòrò, kò ní jẹ ẹ́. Á gbé e sókè, á jù ú sílẹ̀, á tún gbé e, á máa fi ohùn kékeré kan pè lemọ́lemọ́ títí ọ̀kan nínú àwọn yòókù á fi sáré wá gbé e mì. Ọ̀gá tó jẹ́ pé bó bá rí ekòló tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń gbé e sá lọ!

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á yí ọ̀kan po, á rẹ apá kan sílẹ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ á máa wọ́ ilẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti fi ẹnu gbá onítọ̀hún lọ́rùn mú, ó ti wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní báyìí, adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wọn: ara ò rọ Ọ̀gá, ara ò rọ àwọn tó ń gùn. Èyí tó kéré jù, Wúràọlá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń pá.

Ìyẹn náà kọ́ ló mú mi kọ̀wé o. Ní ìdájí àná, ilẹ̀ ò tíì mọ́, mo gbọ́ igbe kan láti ẹ̀yìnkùlé. Ohùn náà há, ó lọ sókè díẹ̀, ó já láàárín, bíi ti ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́. Mo gbé iná jáde. Ọ̀gá ló dúró lórí ọ̀pá, ó na ọrùn sókè, ó dijú, ó sì tún un kọ lójú mi kòrókòró.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé àìsàn ni? Ṣé kí n yà á sọ́tọ̀? Àwọn tó ń gùn yìí, ṣé ẹyin wọn lè di ọmọ?

Kí n má gbàgbé, Arìnmákọ́, èyí aláwọ̀ ilẹ̀, ní tirẹ̀ ẹ̀wẹ̀, máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, á na ẹsẹ̀ kan àti apá kan gbọọrọ, ojú á pa dé, ẹnu á là díẹ̀. Mo sáré lọ gbé e, ó fò dìde, ó gbọn ara, ó wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣe é. Ṣé wárápá wà fún adìẹ ni?

Jẹ́kínwí:

Ẹ kú ìdààmú o, ìyá. Ṣé ó dá yín lójú pé abo ni Ọ̀gá? Àwọn àkùkọ kan wà tí kì í tètè fara hàn. Mo mọ ẹnì kan tó ń pe adìẹ rẹ̀ ní Síkírátù títí di ọjọ́ tí Síkírátù kọ.

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé:

Ẹ ṣé, àbúrò mi, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dá mi lójú. Mo ti dúró tì í rí nígbà tó ń yé. Ó jókòó, ó dìde díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ là, ẹyin náà bọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń dán fún omi. Kí n tó ka ení, èjì, omi náà ti gbẹ lára rẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe Síkírátù.

Bàbá Àgò:

Àdùkẹ́, fọkàn balẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀bẹ sún mọ́ Ọ̀gá kí o tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti ń sin adìẹ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé. Ohun tí o rí yìí ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kì í ṣe àjèjì. Ọ̀nà méjì ni àgbébọ̀ fi ń dẹni tó ń kọ.

Ọ̀nà kan jẹ́ ti ipò. Níbi tí kò bá ti sí àkùkọ, abo tó jẹ́ olórí lè gba iṣẹ́ àkùkọ ṣe. Á máa ṣọ́ ojú ọ̀run nítorí àṣá, á máa pe àwọn yòókù sí oúnjẹ, á máa gùn wọ́n, òmíràn á tilẹ̀ máa kọ. Irú èyí ṣì máa ń yé, ogbe rẹ̀ kì í sì í yí padà.

Ọ̀nà kejì wá láti inú ara. Nígbà tí abo adìẹ ṣì wà nínú ẹyin, ilé ẹyin méjì ló ní, ọ̀tún àti òsì. Ti òsì nìkan ló máa ń dàgbà. Ti ọ̀tún á wà níbẹ̀ ní kékeré, kò ní ṣiṣẹ́ kankan láyé rẹ̀. Àmọ́ bí àrùn bá mú ti òsì, ì báà jẹ́ kókó ló hù nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ omi ló kún un, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, estrogen, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ara ṣe bíi ti abo, á lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ti ọ̀tún tó ti ń sùn látọjọ́ lè jí. Kì í jí bí ilé ẹyin o. Á máa dàgbà bíi kórópọ̀n àkùkọ, á sì máa tú testosterone, èròjà tó ń mú ara ṣe bíi ti akọ, sínú ara. Ẹyin á dúró, ogbe á tóbi, ohùn á yí, èékánná líle tó máa ń yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkùkọ á máa yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Síbẹ̀, abo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́, kò yí padà di akọ pátápátá.

Ìyẹ́ ni ẹ̀rí tí èmi fẹ́ràn jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí o fojú sí. Àwa èèyàn máa ń rò pé àkùkọ ló ní ohun kan lára tó ń mú ìyẹ́ rẹ̀ gùn, tó ń mú un dán. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ìyẹ́ dídán yẹn ni gbogbo adìẹ ìbá ní, akọ àti abo, bí kì í bá ṣe ti estrogen. Estrogen ló ń sọ ìyẹ́ abo di èyí tó kúrú, tí ṣóńṣó rẹ̀ rí roboto. Nítorí náà, bí ilé ẹyin Ọ̀gá bá ti dákẹ́ kó tó re ìyẹ́ tàbí nígbà tó ń re é, ìyẹ́ tuntun ọrùn rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á tín-ín-rín, á mú ní ṣóńṣó, á sì máa kọ mànà. Ìyẹ́ tó ti gbó sí ara kì í yí padà. Tuntun ló ń sọ òtítọ́.

Nígbà tó bá ti wọ̀ lálẹ́, gbé e sórí itan, ó máa tutù sí ọ ní ọwọ́. Wo ìdí rẹ̀. Ti adìẹ tó ń yé máa ń fẹ̀, ó sì máa ń ní omi lára. Ti èyí tí kò yé á kéré, á gbẹ, á ká roboto. Lẹ́yìn náà, wá egungun tínínrín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí lọ́tùn-ún lósì. Ìka méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń gba àárín wọn lára adìẹ tó ń yé. Lára èyí tó ti dáwọ́ dúró, agbára káká ni ìka kan fi máa wọ ibẹ̀. Tẹ ikùn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bó bá wú, tó ń rì bí èyí tí omi wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tiwa, dókítà ẹran ló kàn.

Ẹyin àwọn yòókù, máa kó o lọ bí o ti ń ṣe, má sì retí òròmọdìẹ látọ̀dọ̀ Ọ̀gá.

Ní 1474, ní ìlú Basel tó wà ní Switzerland lónìí, wọ́n gbé àkùkọ kan lọ sílé ẹjọ́ pé ó yé ẹyin. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì dáná sun ún. Lójú tèmi, kì í ṣe àkùkọ rárá. Àgbébọ̀ bíi Ọ̀gá ni, tó ti para dà tó sì rọra rí ẹyin kan yé kẹ́yìn. Àwọn adájọ́ yẹn ì bá ti gbé e sórí itan kí wọ́n wo ìdí rẹ̀.

Ìyá Òròmọ:

Bàbá, ẹ kú àlàyé o. Àmọ́ Àdùkẹ́, má tíì gbà pé ilé ẹyin ni. Àkùkọ mi kú nígbà kan, olórí àwọn àgbébọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Ó kọ, ó gùn wọ́n, kò sì dáwọ́ yíyé dúró. Ìgbà tí mo mú àkùkọ kékeré kan wọlé, tí ìyẹn dàgbà tó sì na ìyá yẹn dáadáa, ni kíkọ bá tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ipò ò kéré láàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ló kọ́kọ́ jókòó ti àwọn adìẹ tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1921 pé ẹni tó ń ṣá ẹni àti ẹni tí wọ́n ń ṣá, létòlétò ni. Ti kíkọ gan-an, àwọn onímọ̀ ní Nagoya nílẹ̀ Japan fi àwọn àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, wọ́n sì fi hàn ní 2013 pé aago inú ara wọn ló ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Ní 2015 wọ́n tún rí i pé olórí ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn tó kù á wá tò tẹ̀lé e bí ipò wọn ṣe rí. Ọ̀gá rẹ wà ní ipò olórí tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o wo ara rẹ̀ kí o tó dájọ́.

Ohun tó ń kán mi lójú ni Wúràọlá. Mú un kúrò níbẹ̀ lónìí. Bí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá bó tí ẹ̀jẹ̀ yọ, gbogbo wọn ló máa dà bò ó. Adìẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń rí ohun pupa kó má ṣá a. Má gbé e jìnnà o, jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn láti ẹ̀yìn wáyà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àlejò ló máa jẹ́ lójú wọn nígbà tó bá padà, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà látìbẹ̀rẹ̀.

Ti Arìnmákọ́ kì í ṣe wárápá. Oòrùn ló ń yá. Ooru á jẹ́ kí òróró ara rẹ̀ tàn kálẹ̀ sínú ìyẹ́, á sì máa lé àwọn kòkòrò tó fara pamọ́ síbẹ̀ jáde. Adìẹ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìkan ló ń sùn gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i tó ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbé ìyẹ́ ìdí rẹ̀ àti ti abẹ́ apá rẹ̀ sókè. Bí funfun kan bá gbá jọ mọ́ gbòǹgbò ìyẹ́, ẹyin iná adìẹ nìyẹn. Wá ibi tí ó ti lè máa yí nínú erùpẹ̀ gbígbẹ fún un, ìyẹn ni ìwẹ̀ tiwọn.

Èyí tí o máa bẹ̀rù ni èyí tó dúró, tó ya apá méjèèjì kúrò lára, tó la ẹnu, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ooru ti ń pa ìyẹn. Òwe wa dùn létí, pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, àmọ́ adìẹ ò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde. Ẹnu rẹ̀ ni ooru ń bá jáde. Ibòòji àti omi tútù kíákíá.

Oníwòòye:

Ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Tèmi ò kọ, kò gun ẹnikẹ́ni. Èyí tó máa ń bà sí ìparí ọ̀pá ló ń sùn pẹ̀lú ojú kan ní ṣíṣí, ojú tó kọjú sí ìta. Àwọn tó wà láàárín máa ń di méjèèjì. Mo ti tan iná wò ó, kò ṣe bí ẹni tó jí. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Bàbá Àgò:

Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Ó ń sùn ní tòótọ́, ìdajì ọpọlọ rẹ̀ ni kò sùn. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì wà ní ìparí ọ̀pá, níbi tí kò ti sí ẹni tó bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló nílò rẹ̀ jù. Má máa tan iná sí i mọ́, jẹ́ kó rí oorun ìdajì yẹn sùn.

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé:

Mo ti padà dé o. Mo mú Wúràọlá kúrò kíákíá bí Ìyá Òròmọ ṣe wí, wáyà ló wà láàárín wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì bó.

Mo gbé Ọ̀gá sórí itan lálẹ́. Ìdí rẹ̀ kéré, ó gbẹ kanrin. Mo wá gbé Arìnmákọ́ náà kí n lè mọ ìyàtọ̀, ìka mi méjì wọ àárín egungun tirẹ̀ láìṣe wàhálà. Ti Ọ̀gá, orí ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ikùn rẹ̀ ò wú, kò sì rọ̀. Ó ń jẹun, ìgbẹ́ rẹ̀ dára.

Ìyẹ́ ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Mo rí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ kan tó ti pẹ́ nínú pàǹtírí ilé wọn, mo sì fa tuntun kan ní ọrùn rẹ̀, ó kígbe mọ́ mi díẹ̀. Mo tò wọ́n sí orí ìwé funfun. Ti tẹ́lẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ yí roboto, dúdú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí oòrùn ti pa á. Tuntun gùn jù ú lọ dáadáa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ mú ní ṣóńṣó, etí rẹ̀ ò sì so pọ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, títí kan pé mo rí ìwé náà láàárín wọn. Bí mo bá yí i sí iná, àwọ̀ ewé ló ń tàn lára rẹ̀. Bàbá Àgò, mo gbà. Ilé ẹyin ni.

Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, kókó líle kékeré kan ti wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

N kò ní pa á. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ó sì ń ṣọ́ àwọn yòókù: ó kígbe kan lọ́sàn-án, gbogbo wọn rọ́ sábẹ́ igi, mo gbójú sókè, àwòdì ló ń yí lókè. Ohun tó kù ni ìdájí. Ohùn rẹ̀ ti ń jọ ohùn àkùkọ báyìí, ó sì ń kọ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan kan wà tí mo lè ṣe sí i?

Ìyá Òròmọ:

O ti yẹ ẹ́ wò dáadáa, mo gba ti ilé ẹyin náà. Fi Wúràọlá sílẹ̀ níbi tó wà títí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á fi hù bò ó. Adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú ìdí ìyẹ́ náà, bí Ọ̀gá bá tún gùn ún, ẹ̀jẹ̀ á tú.

Bàbá Àgò:

Adìẹ tó bá fẹ́ kọ gbọ́dọ̀ na ọrùn sókè. Kan àpótí kan fún un tí ó lè dúró nínú rẹ̀, tó lè yí padà, àmọ́ tí orí rẹ̀ á kan òkè bó bá fẹ́ na ọrùn. Da koríko gbígbẹ sí i nísàlẹ̀, lu ihò púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, bo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Alẹ́ ni kí o gbé e síbẹ̀ nígbà tó bá ti wọ̀, kí o sì ṣí i ní gbàrà tí o bá jí. Kò ní pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá, á kàn máa rún un mọ́ ẹnu ni. Ní àsìkò ooru, má fi í sínú rẹ̀ rárá.

Nítorí pé a ò mọ ohun tó mú ilé ẹyin òsì yẹn, máa gbé e sórí itan lóòrèkóòrè kí o tẹ ikùn rẹ̀. Bó bá ń dúró gan-an lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ìdí rẹ̀ ń kanlẹ̀ tí ìrù rẹ̀ wálẹ̀, tàbí tí kò sáré wá síbi oúnjẹ mọ́, má kọ̀wé síbí kí o tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Adìẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí kò fi ní lè fi í pamọ́ mọ́. Wọn kì í jẹ́ kí olórí tó ń ṣàìsàn pẹ́ lórí ọ̀pá.